Ẹni Tó Ṣí Aṣọ Ìkélé Lalji

"Àbí wọ́n so ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ni?" Rupal, ọ̀rẹ́ Kesar, béèrè. Ó jókòó sórí ògiri kúkúrú tó yí òrùlé ilé wọn ká, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń da èèpo rẹ̀ sísàlẹ̀. "Gbogbo ayé ń wọkọ̀ wá wo ìlú Udaipur wa yìí. Ìwọ tí wọ́n bí síbẹ̀, o ò tíì kọjá ọjà ẹ̀fọ́."

Kesar rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi dùn ún. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, tí ọkọ̀ láti Ahmedabad àti Mumbai ń wọ́ wọ̀lú, tí àwọn àlejò ń du ọkọ̀ ojú omi lórí adágún, tí wọ́n ń ya fọ́tò níwájú ààfin bí ẹni pé ààfin náà fẹ́ sá lọ, inú ilé ni Kesar máa ń wà. Ó ń fọ àwo kékeré tí òrìṣà fi ń jẹun.

Bàbá àgbà rẹ̀, Girdhar Das, ni àwòrò Lalji, bí baba ńlá rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀, inú ilé tẹ́ńpìlì náà ni ẹbí wọn sì ń gbé. Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù, nígbà tó wà lọ́mọdé ni Lalji, ère idẹ tí kò ga ju ìgbákọ lọ. Wọn kì í sìn ín bí ọba, títọ́ ni wọ́n ń tọ́ ọ bí ọmọ. Wọ́n á jí i láàárọ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á sì gbé wàrà síwájú rẹ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọ́n á bọ́ aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n á sì fa aṣọ ìkélé bò ó. Láti ìgbà náà títí dìrọ̀lẹ́, àlejò kankan ò gbọdọ̀ fojú kàn án. Ta ní í pe àlejò wá wo ọmọ tó ń sùn níhòòhò?

Ọmọ bẹ́ẹ̀ ò sì ṣeé fi sílẹ̀ lóun nìkan. Bàbá Kesar wà ní Surat níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣọ, ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ òrìṣà, Kesar ló ń pọnmi. Bàbá àgbà kò sùn níta rí láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni Kesar ṣe dàgbà di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìmọ ohun tó wà lẹ́yìn òkè.

Tanvi gòkè wá bá wọn lórí òrùlé. Láti Mumbai ló ti wá wọ̀ sí ilé àlejò àwọn òbí Rupal, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Fídíò ìrìn àjò ló máa ń ṣe, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló sì ń tẹ̀ lé e lórí fóònù. Rupal ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sìn ín.

"Àbúrò, ìwọ ni Kesar?" Tanvi ní. "À ń lọ sí odi Kumbhalgarh lọ́la. Àyè ẹnì kan ṣì wà nínú ọkọ̀. Rupal ní o ò débẹ̀ rí."

"Mi ò débì kankan rí, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa, a ó jọ lọ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà máa fi nǹkan kan hàn mí. Ààfin, adágún, gbogbo wọn làwọn ẹlòmíì ti yà tán. Mo gbọ́ pé òrìṣà yín máa ń sùn lọ́sàn-án."

Kesar wo Rupal. Rupal ń wo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀.

"Àlejò kì í rí i nígbà tó bá ń sùn," Kesar ní.

"Ojú lásán ni mo fẹ́ fi wò ó. Ṣé mo máa jí i gbé ni?"

"Kesar, má ṣe bí ará oko," Rupal dá sí i. "Tí o bá jókòó tì í títí o fi darúgbó, ṣé ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dáa kì í wá àwíjàre tì. Kesar bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó pé ọmọdé ṣáà ni Lalji, ọmọdé sì máa ń fẹ́ àlejò. Bóyá ó tiẹ̀ ti sú òun náà láti máa sùn lọ́sọ̀ọ̀sán. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé, ó ti gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà mú. Bàbá àgbà na ara rẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dijú, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lókè orí rẹ̀. Ìyá Kesar ti lọ ra wàrà. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú kí Kesar mú kọ́kọ́rọ́ náà, nítorí òun ló máa ń gbé omi tútù síbi ibùsùn Lalji kó tó jí. Tanvi bọ́ bàtà, ó yọ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, Kesar rọra pàtẹ́wọ́, bí bàbá àgbà ti kọ́ ọ láti kékeré, kí ọmọ má baà ta gìrì lójú oorun. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lalji dùbúlẹ̀ láìsí adé, láìsí aṣọ, tìmùtìmù kékeré kan lábẹ́ orí rẹ̀. Tanvi tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ojú lásán."

"Tèmi nìkan ni. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

Ó yẹ kí Kesar fa aṣọ náà padà nígbà yẹn. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ó ro ti àyè tó ṣófo nínú ọkọ̀, ó sì di aṣọ náà mú títí Tanvi fi yà á tán.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ kàwé ìdánwò kíláàsì kẹwàá nílé Rupal. Ìyá rẹ̀ di àkàrà àgbàdo àti ata lílọ̀ fún un, ó ní kó má jẹ́ kí Rupal fi ọ̀rọ̀ kó o lọ. Ká sọ òótọ́, inú Kesar dùn lọ́jọ́ náà. Odi Kumbhalgarh gun orí òkè kan, ó sọ̀ ọ́, ó tún gun òmíràn, títí ojú ò fi ká a mọ́. Afẹ́fẹ́ ń gba ìborùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré, ó kígbe orúkọ ara rẹ̀ sí àfonífojì, òun àti Rupal sì rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni Tanvi ti na fóònù sí i. "Wò ó, àwọn èèyàn ti fẹ́ràn òrìṣà yín."

Aṣọ ìkélé ń ṣí nínú fídíò náà, orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀, Lalji sì wà níbẹ̀ níhòòhò. Ọwọ́ Kesar ò hàn. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, "Èyí tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ rí."

Kesar gbé oúnjẹ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́."

Nígbà tí Tanvi rí ojú rẹ̀, ó pa á rẹ́ lóòótọ́. "Mi ò mọ̀ pé ó le tó báyìí," ó ní. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíì ti gbà á, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Ti fóònù tún burú ju ti ẹnu lọ.

Bàtà ni Kesar kọ́kọ́ rí nígbà tó délé, bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tẹ́ńpìlì jókòó yí bàbá àgbà ká. Mathur, oníṣòwò wúrà tó jẹ́ olórí wọn, ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò dúró lẹ́yìn, Rupal sì tẹ̀ lé Kesar wọlé, ó fara ti òpó.

"Girdhar Das," Mathur ní, "ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ta ló ṣí aṣọ ìkélé?"

Bàbá àgbà gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ kọjá lára ìyá Kesar, ó kọjá lára Rupal, ó sì dúró lára Kesar. Kò bínú, kò sì ṣẹ́jú. Ó kàn ń wò ó.

Kesar la ẹnu. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń nu omijé. Ó rí Rupal tó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ pé má sọ ọ́. Ó ro bí wọn yóò ṣe máa nawọ́ sí i lọ́nà ilé-ìwé. Ó pa ẹnu dé.

"Èmi ni," bàbá àgbà ní.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ìyá arúgbó kan tó máa ń gbé wàrà wá fún Lalji láràárọ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ tà á fún àlejò. A gbé ọmọ wa fún yín, ẹ tà á." Mathur na ọwọ́, bàbá àgbà sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e.

Nígbà tí ilé dá, Kesar bá a níbi tó ti ń ká àwọn aṣọ kéékèèké Lalji fún àwòrò tí yóò gbaṣẹ́.

"Bàbá àgbà, èmi ni."

"Mo mọ̀." Kò dáwọ́ dúró. "Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ ẹ. Oorun ò tíì gbé mi lọ. Mo rò pé omi lo gbé wá, inú mi tiẹ̀ dùn pé o ò gbàgbé láti pàtẹ́wọ́."

Kesar wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin ni?"

"Mo dúró dè ẹ́, ọmọ mi. Ìwọ náà rí i pé mo dúró. Nígbà tí o ò sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ dáhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kesar lọ bá Mathur nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ọkùnrin náà fi sùúrù gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ní. "O fẹ́ bo àṣírí bàbá àgbà ẹ. Ṣùgbọ́n ká ní ìwọ ni, o ò bá ti sọ ọ́ lánàá níṣojú gbogbo wa."

"Ẹ bi Rupal, ilé wọn ni àlejò tó yà á wọ̀ sí."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Rupal. Rupal ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ba ilé àlejò àwọn òbí rẹ̀ jẹ́. Tanvi ti gba ọ̀nà Mumbai lọ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kesar fojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ náà.

Àwòrò mìíràn kó wọlé. Ẹbí Girdhar Das gba yàrá kan lódìkejì adágún. Bàbá Kesar gba ìsinmi wálé láti Surat, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ àwọn ti dilẹ̀, kí àwọn mú bàbá ṣeré lọ sórí omi bí àwọn èèyàn ti ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn àlejò. Bàbá àgbà jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ààfin láti ojú omi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́ kan. Bí oòrùn ṣe dé àtàrí, àkókò tó máa ń tẹ́ Lalji sùn, ó ṣàdédé dìde, ó ń fa aṣọ rẹ̀ sórí èjìká, ọkọ̀ sì mì.

"Bàbá, ẹ jókòó," awakọ̀ ní. "Ibo lẹ ń kánjú lọ?"

Bàbá àgbà wo apá ibi tí tẹ́ńpìlì wà. Lẹ́yìn náà ló jókòó padà.

"Kò síbì kankan," ó ní.

Kesar ò lè wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ṣíṣí aṣọ ìkélé kò dáa, ṣùgbọ́n ẹnu tí Kesar pa dé níwájú àwọn àgbà ló sọ bàbá àgbà rẹ̀ di ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Irọ́ ni ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, bí èèyàn ò tilẹ̀ la ẹnu. Bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn yín ṣì ń dúró dè yín, nítorí òtítọ́ tó bá pẹ́ jù kì í gba ẹnikẹ́ni là mọ́.