Ta Ló Di Bàbá Lójú?

Omi tó pa Bàbá Olówòkéré kò dé orúnkún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tó rú gbogbo ará abúlé orí omi náà lójú nìyẹn. Ọkùnrin tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti kékeré, tó ti wa ọkọ̀ dé Araromi nínú ìjì, òun ni wọ́n bá lábẹ́ àfárá pákó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Orí rẹ̀ ti gbá òpó, ojú rẹ̀ méjèèjì sì lẹ̀ pọ̀ pinpin.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni ojú àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mẹ́fà ló jí tí wọn ò lè lajú. Promise, ọmọ Moríkẹ́, ìyàwó ọmọ Bàbá, wà lára wọn. Ojú wọn pọ́n, ipin aláwọ̀ ìyeyè sì ń yọ bí wọ́n ṣe ń nù ún.

Beauty, ẹ̀gbọ́n ọkọ Moríkẹ́, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. “Ta ló ń gbé àwọn ọmọ yìí jó lójoojúmọ́? Ta ló kọ́kọ́ débi òkú?”

Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yíjú sí ilé Màmá Jọọlá, àbúrò Bàbá, opó tí kò bímọ, tí Jọọlá jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀, tó ń dá gbé níparí àfárá.

“Mo rí ẹyẹ dúdú kan lórí páànù wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú,” ni Moríkẹ́ wí.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí páànù ta ni ẹyẹ kì í bà sí ní abúlé tí wọ́n ti ń yan ẹja? Moríkẹ́ mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́. Ó fẹ́ kí ojú gbogbo ayé kúrò lára òun.

Òun ni onítìróò abúlé. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ á tò síwájú rẹ̀, á fi igi kan ṣoṣo lé tìróò fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ yẹn, ojú òsì tirẹ̀ ń ta á, ó ń ṣe ipin. Ó ní èéfín ẹja ni. Ó lé tìróò sí i kó lè tutù. Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá ní ojú ń yún òun, ó fi igi náà lé e fún Bàbá. Lọ́jọ́ Àìkú, ó kan àwọn ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá pè é láti yàrá. “Ìyàwó, wá bá mi fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú, n ò ríran.”

“Mò ń bọ̀, Bàbá, ẹja wà lórí iná.”

Kò lọ. Bàbá táràrà lọ sétí omi fúnra rẹ̀. Moríkẹ́ kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, títí kan Godwin ọkọ rẹ̀.

Ẹbí ṣèpàdé. Godwin ní kí Màmá Jọọlá kó ẹrù kí Sátidé tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọ̀dọ́ á tú ilé náà sínú omi.

“Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná,” ni Moríkẹ́ wí.

“Ìwọ tí o rí ẹyẹ?” Godwin bi í.

Inú bí Moríkẹ́ sí ara rẹ̀.

Nídàájí ọjọ́ kejì, Beauty rí Màmá tó ń dá wa ọkọ̀ lọ. “Wọ́n ń lọ bá ẹgbẹ́ wọn ṣèpàdé,” ló wí fún gbogbo ilé. Nígbà tí Màmá máa fi padà, àwọn èèyàn ti dúró dè wọ́n lórí àfárá. Ṣùgbọ́n Màmá kò dá nìkan padà. Hánà, nọ́ọ̀sì kan láti Mahintedo, ló jókòó níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò oògùn lórí itan.

Hánà fọwọ́, ó gbé Promise jókòó. “Ṣé ó ń ríran? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún lójú? Bí ojú bá ṣókùnkùn, tàbí tí ẹyinjú ní àmì funfun, ọsibítù ńlá ni.” Kò sí ìkankan níbẹ̀. “Ipin tó ki, tó ń lẹ ojú pọ̀ báyìí, kòkòrò àìfojúrí ni. Omi tí ẹ sè, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni kí ẹ fi máa nù ún. Òwú tó bá kan ojú kan kò gbọdọ̀ kan ìkejì. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó fi oògùn yìí sí i, ẹ sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má fi ìtọ̀ sí i, ẹ má fi omi ọyàn sí i.” Ó wo gbogbo wọn. “Ó ń ràn. Kí ló kan ojú gbogbo wọn?”

“Ọwọ́ Màmá ni,” Beauty dáhùn.

Ojú òsì Moríkẹ́ ni Màmá Jọọlá ń wò, wọn kò sì bínú. Moríkẹ́ ì bá fẹ́ kí wọ́n bínú.

Ó wọlé, ó gbé ìgò tìróò jáde, ó gbé e síwájú nọ́ọ̀sì. “Èyí ni. Ojú mi ló kọ́kọ́ dùn mí. Mo fi igi yìí kan ti Bàbá, mo fi kan tàwọn ọmọ. Bàbá pè mí láàárọ̀ yẹn pé kí n wá nu ojú àwọn. N ò lọ.”

Godwin jókòó sórí pákó. Beauty ń wo omi.

“Mo ti rí ojú ẹ láti ọjọ́ ìsìnkú,” ni Màmá wí.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?” Moríkẹ́ bi wọ́n.

“Wọ́n ti múra láti lé èèyàn kan. Èmi ò pọn ọmọ bíi tìẹ, ó sàn kó jẹ́ èmi.”

Màmá fọwọ́. Wọ́n mú Moríkẹ́ jókòó, wọ́n ní kó wòkè, wọ́n sì rọra fi oògùn sínú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

“Má sunkún, ọmọ mi. Omijé á gbé oògùn lọ.”

Kò lè dá a dúró. Màmá nu ojú náà, wọ́n tún ọwọ́ wọn fọ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.