Ọmọ Tí Kò Mọ Orúkọ Bàbá Simone

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, ṣọ́ra. Má kà á sókè níbi tí àwọn aláṣọ ìjọba bá jókòó sí. Ogiri létí, etí ogiri Àbíjáǹ sì gbọ́ Yorùbá ju bí o ṣe rò lọ. Ilé ìwòsàn tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún rẹ̀ ńkọ́? Ká kàn sọ pé ó jẹ́ ìgbà tí káàdì ìgbélùú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já àwa àlejò láyà. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni. Jẹ̀mílà, ọmọ Sàlímátù, àti Micheline ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sáré gba oríta Siporex kọjá ní Yopougon, àdúgbò wa ní Àbíjáǹ, lọ sí iléèwé, ni wọ́n bá gbọ́ gbàù! Àwọn kan dọ̀bálẹ̀, wọ́n rò pé ìbọn ni. Táyà ni. Bàbá Simone tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ọkọ̀ ńlá kan. Táyà bẹ́, irin inú rẹ̀ fò yọ, ó sì gé e ní itan. Kí Jẹ̀mílà tó dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń mu iyanrìn.

Àgbàlá kan náà ni Bàbá Simone àti àwọn Jẹ̀mílà ń gbé. Ará Kétu ni ọkùnrin náà, ọmọ ìjọ ni. Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn Jẹ̀mílà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síra wọn, bí iyọ̀ bá tán ní yàrá kan, yàrá kejì ni wọ́n ti ń bù ú.

Èrò pé lé e lórí. Wọ́n ń ké yéè, wọ́n ń káwọ́ lérí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọn kì í ṣe ìkà o. Òfin ni. Òfin tuntun kan ti jáde, rédíò sì ń kà á láràárọ̀: ẹni tó bá fara pa, ánbúláǹsì nìkan ni kó gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Ọkọ̀ mìíràn tó bá gbé e, ìjọba á gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà, àfi tí ẹbí ẹni náà bá wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ tí kò mọ aláìsàn gbé má baà dá kún ọgbẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ánbúláǹsì kò pọ̀, Yopougon sì fẹ̀.

Wọ́n ti fi tẹlifóònù pè é. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò dé.

Micheline fa Jẹ̀mílà lápá. "Jẹ́ ká lọ! Ìdánwò! Àbí ìwọ ni dókítà?"

"Ìwọ máa lọ."

"Òdo ni wọ́n máa fún ẹ o!"

"Kí wọ́n fún mi. Òdo kì í ṣẹ̀jẹ̀."

Micheline lọ. Jẹ̀mílà tú ìborí rẹ̀, ó fi di itan náà pinpin. Ó gbójú sókè, ó rí Àrìmíyàù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ṣiṣẹ́ ní Siporex. Ó fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn.

"Bọ̀dá Àrìmíyàù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e."

"Jẹ̀mílà, ṣé o kò gbọ́ rédíò ni? Ọkọ̀ yìí ni ọwọ́ mi, òun ni ẹsẹ̀ mi."

"Òfin gba ẹbí láàyè. Èmi ni ẹbí rẹ̀."

"Ẹbí báwo? Ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, mọ́sálásí nìwọ ń lọ."

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àgbàrá bá gba ọ̀nà, èjìká ta ni mo fi ń dé iléèwé? Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá, ta ló ń lẹ táyà yín?"

Àrìmíyàù wo táyà ọkọ̀ rẹ̀. Ó pòṣé. "Ọmọ yìí máa pa mí. Ẹ gbé e!"

Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka pàjáwìrì, tí wọ́n gbé Bàbá Simone lé bẹ́ńṣì, Jẹ̀mílà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bọ̀dá, ẹ máa lọ." Àrìmíyàù kò jẹ́ kó tún un sọ. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà rí; Jẹ̀mílà sọ fún un pé ẹbí òun ni aláìsàn náà.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Martine ló jókòó sídìí tábìlì. Kò gbójú sókè. Ó fi Faransé bèèrè pé, "Orúkọ rẹ̀?"

"Bàbá Simone."

Martine kọ ọ́. Ó yíjú sẹ́yìn, ó kígbe sí àwọn agbáláìsàn pé, "Obìnrin kan wà níta, Simone Baba! Ẹ gbé e sọ́dọ̀ àwọn obìnrin!"

Àwọn agbáláìsàn jáde. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wo ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń kérora lórí bẹ́ńṣì, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n padà wọlé. "A ò rí obìnrin kankan."

"Òun nìyẹn!" Jẹ̀mílà pariwo. "Simone ni ọmọ rẹ̀!"

Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Martine kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọdébìnrin, orúkọ ọmọ kọ́ ni mo bi ọ́. Kí ni orúkọ tirẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí Jẹ̀mílà ti dáyé, Bàbá Simone ni Bàbá Simone. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo àgbàlá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ wo ni yóò wo ojú àgbà, tí yóò ní kó sọ orúkọ rẹ̀ fún òun? Ta ni ìyá rẹ̀ bí tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀?

"N kò mọ̀ ọ́n, Tántí."

Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà gbọ́. Ó rìn wá, ọwọ́ rẹ̀ wà lára bẹ́líìtì. "Ìwọ lo ní ẹbí rẹ ni, o kò sì mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ wo ẹbí àwọn Ànàgó!" Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Jẹ̀mílà ronú kan ìyá rẹ̀, ó ronú kan káàdì. Ó wá wo ìborí rẹ̀ tó ti pọ́n ní itan Bàbá Simone. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rù jáde.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, nílé tiwa, ẹni tó bá ń pe àgbà lórúkọ ni àjèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá orúkọ rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Tántí Martine, tí ìwé yẹn kò bá lè ṣófo, ẹ kọ 'Ènìyàn' síbẹ̀. Ìyẹn kò lè ṣì."

Martine gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láti orí bẹ́ńṣì. Ó ju bírò sílẹ̀.

"Ẹ gbé e wọlé," ó wí.

"Ṣùgbọ́n òfin..." ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ máa bá òfin sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e!"

Wọ́n gbé e. Dókítà tó rán ọgbẹ́ náà sọ pé díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́. Bàbá Simone ń tiro títí dòní, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń tiro.

Nígbà tí Georgette ìyàwó rẹ̀ sáré dé, òun ló sọ fún wọn pé Joachim ni orúkọ ọkọ òun. Ó ya Jẹ̀mílà lẹ́nu. "Jóákímù? Kò tiẹ̀ jọ ọ́," ló sọ. Georgette ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́pàá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó mú Jẹ̀mílà lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ti rí i pé kì í ṣe ẹbí, nítorí náà ọkọ̀ tó gbé aláìsàn wá ti di ti ìjọba. Kó sọ orúkọ awakọ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ìdánwò ìṣirò fi kọjá. Òdo ni wọ́n sì fún un lóòótọ́. Ó tún kíláàsì yẹn kà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, kí ẹ má pè wọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ orúkọ àwọn tí ẹ ń bá gbé. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wúlò. Òfin dára, ẹ pa á mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní kí ẹ dúró máa wo aládùúgbò yín títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi tán, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ó máa ná yín ní nǹkan. Ẹ fara mọ́ ọn. Èmi tí mo ń bẹ̀rù ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ní yàrá kékeré yẹn, Sàlímátù dé, ó kúnlẹ̀ fún ọlọ́pàá, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Jẹ̀mílà, àlejò ni wá níbí. Dárúkọ ẹni náà ká máa lọ ilé."

"Ìyá mi, ẹ dìde nílẹ̀."

Ọlọ́pàá fa àga súnmọ́ ọn. "Ìkẹyìn rè é. Àbí o ò mọ orúkọ awakọ̀ yìí náà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Ṣẹ́ẹ̀fù. Mo mọ ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú."

"Ó dáa. Sọ ọ́."

Jẹ̀mílà ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó wo ojú ọlọ́pàá, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.