Bẹ́líìtì Tó Já Lójú Ọ̀nà Pedro

"Ẹ má sítáàtì ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn!"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Mùíz bá Saheedat sọ láyé nìyẹn, ariwo ló sì fi sọ ọ́. Saheedat gbójú sókè nínú ọkọ̀ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Pedro, ó rí ọkùnrin gíga kan tó ń sáré sọdá títì, àgbàdo sísun ní ọwọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì dá kẹ̀kẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́. Ọ́ìlì ti ba aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó wọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dùn ún wò débi pé ọmọbìnrin náà gbàgbé pé inú ń bí òun.

"Ṣé ẹ gbọ́ kó dún pàá kó tó kú?" ni ọkùnrin náà béèrè, ó ń mí hẹlẹ.

"Mo gbọ́ ọ. Ó kàn dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni."

"Bẹ́líìtì táímìn ló já. Ẹ ṣé tẹ́ ò gbìyànjú àtisítáàtì ẹ̀."

"Ta ló ní mi ò fẹ́ gbìyànjú? Ẹ̀yin lẹ pariwo mọ́ mi."

Mùíz bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àgbàdo rẹ̀ lé orí ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé. Ẹ̀ṣẹ́ kan ni písítìn tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Àtẹ́lẹwọ́ ọwọ́ kejì ni fáàfù tó ń ṣí, tó ń pa dé. Bẹ́líìtì yìí ló ń bá wọn pín àsìkò kí wọ́n má baà pàdé. Bó bá já, nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, ẹ̀ṣẹ́ á kọlu àtẹ́lẹwọ́, fáàfù á sì tẹ̀. Nínú òmíràn, àyè wà láàárín wọn, nǹkan kan ò ní ṣe é.

"Ó yé mi," ni Saheedat wí. "Ìwé là ń tẹ̀ ní ojú ọ̀nà Bajulaiye. Bí máṣíìnì wa bá pẹ́ díẹ̀ kó tó gba bébà, yíya ló máa ya."

Mùíz wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wíwò kejì yìí sì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Tiwa yìí wá ńkọ́?" Ohùn ọmọbìnrin náà ti ń gbọ̀n. "Ọkọ̀ bàbá mi ni o. Bó bá bàjẹ́, mo gbé."

"Kò ní bàjẹ́," ni Mùíz yára dáhùn. "Mo mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa. Wọn kì í pàdé nínú ẹ̀. Mo fi orúkọ mi dúró."

Ó yẹ kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì. Kò wò ó. Ojú obìnrin tó fẹ́ sunkún ló ń wò, ẹyin sì lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bàbá Saheedat, Àlàájì Hashim, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ó ṣe akọ̀wé títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tó kórìíra láyé àfi mẹkáníìkì. "Bí mẹkáníìkì bá kí ọ pé ẹ káàárọ̀," ló máa ń wí, "kọ́kọ́ wo aago rẹ." Lẹ́yìn tí wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ilé láti Pedro, kò gbà kí wọ́n wọ́ ọ lọ síbòmíràn. Iwájú ilé ni Mùíz yóò ti tún un ṣe, lójú òun.

Bẹ́líìtì tó bá èyí tó já mu kò tètè jáde ní ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Mùíz ń ti Bàrígà wá. Ó tú èyí, ó fọ tọ̀hún, ó tún padà wá fọ èyí tó ti fọ̀.

"Nọ́ọ̀tì mélòó gan-an ló wà lára ọkọ̀ mi tí o ò tíì tú?" ni Àlàájì béèrè láti orí àga rẹ̀. Saheedat yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bàbá má baà rí ẹ̀rín òun.

"Kí ni oríkì rẹ?" ni Mùíz bi í ní ìrọ̀lẹ́ kẹta.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí màá máa pè ọ́ ni."

"Àbẹ̀kẹ́."

"Àbẹ̀kẹ́ mi."

"Ta ló sọ pé tìẹ ni?"

"Mo tètè sọ ọ́ ni, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ ṣáájú mi."

Saheedat ju àkísà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tó padà sídìí máṣíìnì, ṣe ló ń kọrin. Ìfẹ́ ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì bá ara rẹ̀ jiyàn lórí ẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé Mùíz fẹ́ rán àwọn èèyàn rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn wá tọrọ òun.

Àlàájì nawọ́ sí ọkọ̀ náà. "Ó fi orúkọ ara ẹ̀ dúró pé ẹ́ńjìnnì yìí ò bàjẹ́. Bó bá dún, kí àwọn èèyàn ẹ̀ máa bọ̀. Bí kò bá dún, òpùrọ́ bíi tàwọn tó kù ni, kó kó sípánà ẹ̀."

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, Saheedat wà nídìí iṣẹ́ nígbà tó gbọ́ ọkọ̀ tó ń kígbe gìrì-gìrì-gìrì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sáré jáde. Bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò jalabíà.

"Bàbá, ẹ sítáàtì ẹ̀?"

"Ta ni? Èmi? Mi ò débẹ̀ o." Ó tún fìlà ṣe, ó kọrí sí mọ́ṣáláṣí.

Saheedat rántí ẹ̀ṣẹ́ tó ń kọlu àtẹ́lẹwọ́.

Ní Sátidé, Mùíz mú bẹ́líìtì tuntun dé. Ó fi í sí i, ó fi sípánà rọra yí ẹ́ńjìnnì náà wò, ojú rẹ̀ sì yí padà, nítorí ó fúyẹ́ níbi tó ti yẹ kó le. Ó tú u. Fáàfù méjì ti tẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wo nọ́ńbà: ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kí Àlàájì tó rà á, nínú irú èyí tí wọ́n sì fi sí i, písítìn àti fáàfù máa ń pàdé.

Saheedat bẹ̀rẹ̀ tì í. "Bàbá ló yí kọ́kọ́rọ́ lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Sọ fún wọn!"

"Ó lè jẹ́ ní Pedro ló ti tẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ó sì lè jẹ́ lánàá. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ohun témi mọ̀ ni pé mi ò wò ó kí n tó lanu."

"Wọ́n á lé ọ o! Ṣé bó o ṣe máa jẹ́ kí n lọ nìyẹn?"

Omi ti lé ròrò sójú ọkùnrin náà. "Mi ò lè ta bàbá rẹ kí n fi rà ọ́."

Ó dìde, ó kó fáàfù méjèèjì lọ síwájú Àlàájì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo ní ẹ́ńjìnnì yín ò ní bàjẹ́. Ó ti bàjẹ́. Mi ò wò ó dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló jẹ̀bi. Màá tún un ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tẹ́ ẹ sọ." Ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Saheedat dìde. Bàbá rẹ̀ nìkan ló tẹjú mọ́. Bàbá náà wò ó, ó wo fáàfù, ó bojú wolẹ̀.

"Mùíz, dúró níbẹ̀." Àlàájì dìde lórí àga rẹ̀. "Mo yí kọ́kọ́rọ́ yẹn lánàá. Ọmọ mi bi mí, mo sẹ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń wá mẹkáníìkì olóòótọ́. Ìgbà tí mo wá rí ọ̀kan, èmi ni mo fẹ́ fi irọ́ lé e lọ!"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Màá sọ ọ́. Fi sípánà yẹn sílẹ̀. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ ní Ìsẹ́yìn." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ a máa tẹrí ba nírú àkókò bẹ́ẹ̀, a sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ti Saheedat kọ́ nìyẹn.

"Mo fẹ́ ẹ, bàbá mi! Mo fẹ́ ẹ gan-an ni!"

Àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé sáré jáde, wọ́n rò pé iná ló ń jó. Mùíz tó ń dọ̀bálẹ̀ nínú ọ́ìlì ni wọ́n bá níbẹ̀.

Wọ́n ti so yìgì, ọkọ̀ sì ti ń rìn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó tẹ fáàfù náà, Àlàájì á ní òun ni, àna rẹ̀ á ní rárá o, òun ni. Wọn ò tíì parí ẹ̀. Saheedat kì í dá sí i. Á kàn bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì.