Èsì Oṣù Tó Kọjá

"Ìbíwùnmí, ṣé o ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà yàrá nọ́ọ̀sì?"

Ọ̀gbẹ́ni Mùsáfírù, ọ̀gá tó ń kọ́ Ìbíwùnmí níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Mowe, ló ń béèrè lórí fóònù. Ìbíwùnmí ti ń kó wáyà sínú báàgì. Ó yọjú lójú fèrèsé ilé ìwòsàn tó ti wá ṣiṣẹ́, ó rí Morádéyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì tó ń fọwọ́ pè é. Ẹgbẹ́ oníjó wọn fẹ́ ya fídíò ní Akute lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, àwọn yòókù sì ti débẹ̀.

"Mo ti dán an wò, sà," ló wí. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Irọ́ ni. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ló ti dán an wò.

Ọdún yìí ni Ìbíwùnmí máa parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti yá nídìí kọ̀ǹpútà débi pé ọ̀gá rẹ̀ ti ń gbé iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mùsáfírù ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn kékeré náà ní Ibafo fi ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ lábù á tẹ èsì sínú kọ̀ǹpútà wọn, á sì wà nínú dátábéèsì, ìyẹn àká àkọsílẹ̀, níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí nọ́ọ̀sì àti dókítà lè tẹ èsì náà jáde ní yàrá tiwọn láìrìn dé lábù. Apá ibẹ̀ ni wọ́n gbé fún Ìbíwùnmí. Ọ̀gá fún un ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá kó máa fi ṣiṣẹ́, ó sì kìlọ̀ fún un pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é lè má ṣiṣẹ́ lórí ti ẹlòmíràn, nítorí náà kó rí i pé òun tẹ èsì tuntun jáde lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, òun àti Morádéyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ni Nọ́ọ̀sì Adéyẹ́misí pè é láti ilé ìwòsàn. Ó ní ọkùnrin kan tí kò wá síbẹ̀ rí ṣe àyẹ̀wò láàárọ̀, òfìfo ni ìwé rẹ̀ ń jáde, àmọ́ ti àwọn tó ti ń wá tẹ́lẹ̀ ń jáde dáadáa.

"Sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," Morádéyọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìbíwùnmí ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n sì tún tàn án. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ara Ìbíwùnmí kò balẹ̀. Morádéyọ̀ ń sọ̀rọ̀ fídíò, etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ti ẹni tuntun bá ń jáde lófìfo, níbo ni ti àwọn ẹni àtijọ́ ti ń jáde? Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ó fa kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ yọ, ó sì ṣí ètò tó gbé lọ sí Ibafo. Ó rí àṣìṣe rẹ̀. Nígbà tó ń di ètò náà pọ̀, kò yọ àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá kúrò nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ dé dátábéèsì lábù rárá. Èsì oṣù tó kọjá ló ń tẹ̀ jáde, ọjọ́ òní ló sì ń kọ sórí ìwé.

Ó pe nọ́ọ̀sì. Fóònù dún títí, kò gbé e.

"Ṣé o fẹ́ kí ọ̀gá lé ọ ni?" Morádéyọ̀ bi í. "Lọ tún un ṣe lọ́la ní jẹ́ẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ọkàn Ìbíwùnmí fà sí i. Òun ni ọ̀gá ti yàn láti lọ sí ìdíje kọ̀ǹpútà àwọn ọ̀dọ́ ní Abẹ́òkúta. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó tún pe nọ́ọ̀sì, pàbó ló já sí. Ó ti báàgì rẹ̀ pa, ó dá ọ̀kadà dúró.

Láti Mowe dé Ibafo kò jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó dà bíi pé ọ̀nà ń gùn sí i. Ọlọ́kadà yà ra epo, Ìbíwùnmí kò lè jókòó. Bí wọ́n ṣe ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà, orí ẹni tó ti gba ìwé tó sì ti lọ sílé ni ọkàn rẹ̀ wà.

Nígbà tó débẹ̀ tó sì ṣàlàyé tán, Nọ́ọ̀sì Adéyẹ́misí dìde. Ó gba lábù lọ, Ìbíwùnmí tẹ̀ lé e. Wọ́n wo orúkọ àwọn tó wá lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan wà nínú wọn, Jésùlayọ̀mi, ọmọbìnrin kékeré tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìyá rẹ̀ ń gbé wá lóṣooṣù. Ìwé tí dókítà rí sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, dókítà sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Èsì àárọ̀ yẹn gan-an, ní lábù, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Wọ́n pe ìyá rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti délé, òun sì rò pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé e bọ̀ kíákíá.

Ilé wọn kò jìnnà. Ìyá náà pọn ọmọ dé, orí ọmọ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára?" ló bi wọ́n.

Ìbíwùnmí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni. Wọ́n ní kí n dán kọ̀ǹpútà yẹn wò, mi ò dán an wò. Mo parọ́ pé mo ti dán an wò."

Ìyá náà wò ó. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé tọ dókítà lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára, ara rẹ̀ sì ń yá díẹ̀díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Mùsáfírù, tí Ìbíwùnmí fúnra rẹ̀ pè lórí fóònù, dé, ó yọ ètò náà kúrò lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ó bá wọn pe gbogbo àwọn tó ti gba ìwé lọ́jọ́ náà padà, ó sì bẹ dókítà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kọjú sí Ìbíwùnmí. Kò pariwo.

"Àṣìṣe inú iṣẹ́ kò bí mi nínú," ló wí. "Èmi náà ń ṣe é. Èyí tí o sọ fún mi lórí fóònù ló dùn mí. Táíyé tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ ló máa lọ sí Abẹ́òkúta."

Ìbíwùnmí kò bẹ̀bẹ̀. Ó sunkún délé. Nígbà tí Morádéyọ̀ sọ fún un pé, "Ká ní o dákẹ́ ni, ìwọ ni ì bá lọ sí ìdíje," ó dá a lóhùn pé ká ní òun dákẹ́, ọmọ yẹn ì bá kú.

Ó pẹ́ kí ọ̀gá tó tún gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, nígbà tó sì gbé e fún un, ó máa ń tẹ̀ lé e lọ wò ó. Ìbíwùnmí kò ráhùn. Ó ti mọ̀ pé irọ́ tí a pa nítorí ìkánjú kì í dúró sọ́dọ̀ ẹni tó pa á; ó ń lọ bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó sì ti mọ̀ pé kí èèyàn tètè jẹ́wọ́ lè má gba ipò rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là.