Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Kò Wọ̀n

Ẹnu Mùíbì káfíńtà ò padé láàárọ̀ Sátidé tí ó ń kó ìyá rẹ̀ lọ sí ilé tuntun. Láti Nyanya títí wọ́n fi gba ọ̀nà Abaji, ó ń ròyìn ilé náà bí ẹni tó fẹ́ tà á. Ìyàwó rẹ̀ Ìdáyátù àti ìyá rẹ̀ Sàlímọ́tù nìkan ló wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú dírẹ́bà tó ti gbọ́ ìròyìn náà débi pé òun náà ti lè di ojú kó kọ́ irú ilé ọ̀hún.

"Ìyá, bí àwọn olówó Maitama bá rí ilé yìí, wọ́n á kó ẹrù wọn síta, wọ́n á wá bá wa háyà yàrá! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yà á lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò pe ẹnjiníà, mi ò pe ẹnì kankan."

"Mo ti gbọ́," ni ìyá wí. "Balùwẹ̀ ńkọ́?"

"Balùwẹ̀? Ẹlẹ́ṣin lè gun ẹṣin wọ̀ ọ́, kó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, kó tún gùn ún jáde!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ mọ̀ ló ṣe bèèrè. Láti ọdún méjì tí ó ti ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá, orí àga onítáyà ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le koko. Ó lè yí àga náà lọ síbi tó bá wù ú. Àmọ́ ilé tí wọ́n háyà sí ní Nyanya, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú balùwẹ̀ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Mùíbì ní láti pọn ún lọ, kó pọn ún bọ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Obìnrin tó tọ́ ọmọ mẹ́fà wá ń dín omi mímu kù kí ó má baà máa pe ọmọ rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kíndìnrín rẹ̀ ò ní gba ìyẹn pẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá ń fẹ́ nínú gbogbo ilé tuntun yìí ni kí òun dá wọ balùwẹ̀, kí òun sì ti ilẹ̀kùn.

Bí ilé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọjà àwọn káfíńtà ní Kugbo ni Mùíbì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan fi sọ́fúwíà ìyàwòrán ilé hàn án lórí láàpútọ́ọ̀pù, bí o ṣe ń tẹ ibi kan tí ògiri ń yọ, tí o tẹ ibòmíì tí fèrèsé ń yọ, tí o tún lè rìn kiri inú àwòrán náà bí àlejò. Orí Mùíbì wú tó àgbá omi. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti ya ilé oníyàrá mẹ́ta, ó ti fi òdòdó síwájú, ó ti kun òrùlé ní pupa. Àwọ̀ yẹn nìkan, ó yí i padà tó ìgbà igba.

Festus, bíríkìlà ará Èkìtì tó bá wọn kọ́ ilé náà, ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. "Sànnu, Àlájà! Ẹ káàbọ̀ sí ààfin yín!"

Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà wọ pálọ̀. Ó yí i wọ yàrá rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá gbà á, ó tún ṣẹ́ àyè kù fún màlúù kan. Ìdáyátù pàtẹ́wọ́. Mùíbì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí ó fi oṣù mẹ́ta gbẹ́ sára ògiri, ó ń tì í, ó ń ṣí i, bí ẹni tó ń fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

"Ó dára, ó dára. Ẹ jẹ́ kí n rí balùwẹ̀," ni ìyá wí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí balùwẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ rú Mùíbì lójú. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí fẹ̀ bíi pápá ọkọ̀ òfúrufú. Níbí, ìyá fẹ́ yí àga sọ́tùn-ún, iwájú rẹ̀ kọlu ògiri. Ó fà á sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kọlu ògiri kejì. Ìdáyátù ní láti gbé ìdí àga náà sókè kí ó tó kọjú sí ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ìyá tì í.

Gbà! Táyà há mọ́ férémù.

"Ẹ tún un tì, Ìyá. Ilẹ̀kùn tuntun ni, ojú ló ń tì í."

Gbà!

Mùíbì yọ tépù. Ó wọn àga: íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó wọn ẹnu ọ̀nà: mẹ́rìnlélógún. Ó nu tépù mọ́ ṣòkòtò, ó tún un wọ̀n. Mẹ́rìnlélógún náà ni. Ó sáré lọ wọn ilẹ̀kùn yàrá: méjìlélọ́gbọ̀n. Ilé kan náà, pákó kan náà, ọwọ́ òun kan náà ló kàn án. Ó wo tépù bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà.

"Festus! O ti jẹ íǹṣì mẹ́jọ lára ilẹ̀kùn ìyá mi!"

"Mo jẹ kí ni? Ṣé búrẹ́dì ni? Ọ̀gá Káfíńtà, ohun tó wà nínú pépà yín ni mo kọ́."

"Irọ́! Mo fẹ ilẹ̀kùn lórí kọ̀ǹpútà, ojú mi báyìí ló rí i."

"Kọ̀ǹpútà kọ́ ló gbé búlọ́ọ̀kù fún mi. Pépà lẹ fún mi, pépà ni mo tẹ̀ lé."

"Àbí àga yìí ló wú? Oòrùn ọ̀nà Abaji lágbára, irin máa ń wú."

"Bàbá Fáìzàh, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìdáyátù wí fún ọkọ rẹ̀. "Àga kì í jẹ ẹ̀bà."

"Mùíbì," ni ìyá pè.

"Kai! Ẹ mú pépà wá ká wò ó!" ni Festus ń pariwo.

"O ti dá a padà fún mi, ó wà ní Kugbo!"

"Mùíbì, mo fẹ́ lo balùwẹ̀."

Wọn ò gbọ́. Mùíbì ń wọn ògiri, Festus ń wọn ilẹ̀, wọ́n ń pe nọ́ńbà lé ara wọn lórí. Ìgbà tí Ìdáyátù ké "Yéè, Ìyá!" ni Mùíbì bojú wẹ̀yìn. Omi ti ń ṣàn lábẹ́ àga onítáyà, ó ti dé bàtà Festus.

Ìyá fi ìborùn bo ojú.

"Ẹ gbé mi padà sí Nyanya," ni ó wí lábẹ́ aṣọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìdáyátù fa ọkọ rẹ̀ lọ sí Wuse, sọ́dọ̀ Nafisah, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù. Iṣẹ́ yíya ilé ni Nafisah kọ́ ní yunifásítì, ó sì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà lára ògiri ọ́fíìsì. Mùíbì gbé láàpútọ́ọ̀pù kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó gbé aláìsàn wá.

Nafisah tẹ ògiri kan nínú àwòrán náà. "Búlọ́ọ̀kù onííǹṣì mélòó ni bíríkìlà yín lò?"

"Mẹ́sàn-án."

"Mẹ́rin ààbọ̀ ni ògiri inú àwòrán yín."

"Ta ló kọ mẹ́rin ààbọ̀? Èmi ò kọ nǹkan kan!"

"Ìyẹn gan-an ni wàhálà, Ẹ̀gbọ́n. Ó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Àwọn tó ṣe sọ́fúwíà yìí, ilé pákó ni wọ́n ń kọ́ níbi tiwọn, ògiri tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹ tó fa ìlà kan ṣoṣo, ibi ètò inú sọ́fúwíà náà, tí wọ́n ń pè ní 'settings', ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ yan irú ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, íǹṣì tàbí mìlímítà. Ẹ yí nínípọn ògiri sí ti búlọ́ọ̀kù yín, kí ẹ sì fi pílásítà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kún un. Ògiri yín sanra ju ti àwòrán lọ, ó sì sanra wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Íǹṣì mẹ́rìndínlógójì tí ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà ti di bí ọgbọ̀n lórí ilẹ̀."

Mùíbì lanu. Ó dà bíi pé wọ́n jí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbé lójú rẹ̀. "Ilẹ̀kùn ńkọ́? Mo fẹ ilẹ̀kùn o!"

"Ẹ fẹ ti yàrá. Òun nìkan ló yí padà. Ti balùwẹ̀ ṣì wà ní méjìdínlọ́gbọ̀n tí sọ́fúwíà gbé wá. Ẹ yọ férémù íǹṣì méjì méjì kúrò níbẹ̀, ó ku mẹ́rìnlélógún."

"Ṣé ìyókù ò tẹ̀ lé e ni?"

"Kí ló mú yín rò pé á tẹ̀ lé e?"

"Bí a ṣe ń ṣe ní Kugbo nìyẹn! Bí oníbàárà bá fẹ́ àga méjìlá, ọ̀kan ni ọ̀gá máa ń ṣe. Ó parí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ṣe ìyókù bíi tirẹ̀."

Nafisah ò rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ẹ bá tẹ̀ nìkan ló máa yí, Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo wọn yí, ẹ yan gbogbo wọn pọ̀ kí ẹ tó kọ nọ́ńbà. Bí ẹ bá sì ṣe tán, sọ́fúwíà yìí á tẹ àkójọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé jáde, tòun ti ìwọ̀n wọn. Ẹ máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo fún Festus."

"Ṣé ẹ kà á?"

Mùíbì wo fáànù tó ń yí lókè. "Àwòrán ni mo ń wò."

"Férémù ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kàn án?"

"Festus fi ìwọ̀n ihò tó fi sílẹ̀ ránṣẹ́. Mo kan férémù bá ihò."

Nafisah kọjú sí i. "Bí ẹnì kan bá wá sí Kugbo pé kí ẹ kan bẹ́ẹ̀dì, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń bèèrè?"

"Bí mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó."

"Ẹ ò wọn àga ìyá yín."

Mùíbì fa tépù yọ lápò, ó wò ó, ó sì dá a padà.

Nafisah wá fi hàn án. Ó ya àpótí kékeré kan tó fẹ̀ tó àga ìyá, ó ń fà á kiri inú àwòrán, láti yàrá dé balùwẹ̀. Níbi tí àpótí bá há sí, ibẹ̀ ni àga máa há sí. Ó ya òbìrìkìtì kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún; àyè tí àga fi ń yí padà nìyẹn. "Kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ na okùn sórí ilẹ̀, ẹ fi eérú fa ìlà gbogbo ògiri bó ṣe fẹ̀ gan-an, kí ẹ sì yí àga náà gba àárín rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé àwòrán lọ fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni."

"Òpó tó gbé òrùlé ńkọ́?"

"Mo fi síbi tó bá òdòdó mu."

Ẹnjiníà tí Nafisah mú lọ síbẹ̀ rí i pé òpó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá gé e, òrùlé á wá kí i nílẹ̀. Ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n lu ògiri láti inú yàrá ìyá wọ balùwẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá yẹn sì ni. Mùíbì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u palẹ̀, pákó kan tẹ̀ lé òmíràn. Festus gbé òòlù.

Iṣẹ́ náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyá wà ní Nyanya, omi tó sì ń mu lóòjọ́ ò kún ife kan. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú Festus, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn òun mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà gbé e dè. Àìsàn ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù. Mùíbì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń wọn ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú tépù, ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé, títí nọ́ọ̀sì fi ní kó jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n tún gbé ìyá padà, kò sí ìròyìn kankan nínú ọkọ̀. Ìyá yí táyà wọ yàrá, ó yí i gba ẹnu ọ̀nà tuntun kọjá. Mùíbì tẹ̀ lé e.

"Níbo lò ń lọ?" ni ìyá wí.

"Ìyá, mo ní kí n..."

"Jáde."

Ilẹ̀kùn padé. Wọ́n gbọ́ tí omi ń dà. Mùíbì jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà tẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ṣeé fẹ̀ mọ́. Títí dòní, ìyá ò lè dá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ilé ìdáná nínú ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní láti gbé ìdí àga rẹ̀ yí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ilé lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù, ẹ má gba ìwọ̀n tí ẹ bá nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ kò mọ búlọ́ọ̀kù yín, kò sì mọ ẹni tó máa gbé inú ilé yín. Ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì, ẹ wọn àga aláìsàn, ẹ wọn àgbá omi. Ẹ ka nọ́ńbà kí ẹ tó wo àwòrán, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilé yín bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ ṣí i lónìí, kí ẹ ka ìwọ̀n ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ìka kan ló máa tún un ṣe. Bó bá ti di búlọ́ọ̀kù, òòlù ni, ẹni tó sì ń dúró de ilẹ̀kùn náà lè máà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.