Ẹ Má Dalẹ̀ Mọ́

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dalẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Titus kọ́kọ́ bá Ìfẹ́dayọ̀ sọ nìyẹn, lẹ́nu géètì wọn ní Bwari, tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹ gbà mí! Ọmọ tí Láníyì àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ lẹ́yìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹ wá ń bá a sọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀!

"Ta ni mo dà?" Ìfẹ́dayọ̀ jágbe mọ́ ọn.

Titus lanu. "Ilẹ̀ tí ẹ ń dà sóde ni mò ń wí o! Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó rọ. Ẹ má dà á nù. Àdúgbò fẹ́ máa kó o jọ sí kòtò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó jẹrà, kó di ilẹ̀dú fún ọgbà wa."

Ìfẹ́dayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Tíṣà ni Titus Ọbayẹmí, ọmọ Kàbà. Sátidé-Sátidé ni wọ́n jọ ń fi ṣọ́bìrì yí ìdọ̀tí náà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

"Ayọ̀ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Àmọ́ bí Màmá ò bá gbà, mi ò lè ṣe é."

Màmá, ìyá Ìfẹ́dayọ̀, ò gbà lóòótọ́. "Kai! Alààtàn? Ojú ti tì wá lẹ́ẹ̀kan ná. Ẹni ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá!"

Ìfẹ́dayọ̀ sunkún. Titus ò jà. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀dú méjì dé ẹ̀yìnkùlé Màmá, níbi tí ewé kan ò tíì hù rí, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má sá, Mà. Ekòló gan-an ni mo gbé wá. Òun ló ń tún ilẹ̀ ṣe."

Màmá wo àwọn ekòló tó ń rìn nínú ilẹ̀ dúdú náà, ó ṣe hùn-ún, ó wọlé lọ. Titus tú ilẹ̀dú náà sílẹ̀, ó fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí i.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, tẹ̀tẹ̀ hù níbẹ̀, ó gbilẹ̀ dé ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì. Màmá já a, ó sè é, ó pe Titus wá jẹun.

"Titus, o ò ní dalẹ̀ ọmọ mi?"

"Mi ò ní dalẹ̀ láéláé, Mà."

"Ó dáa. Sọ fáwọn ẹbí ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ìfẹ́dayọ̀ ò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀ nínú ọgbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Láníyì tó já a sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Màmá fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn alásè pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nínú ìró olówó iyebíye. "Ẹ kó èèpo yẹn síbí! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dalẹ̀ lónìí o!"