Òdòdó Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Bàbá

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́. Òun nìkan ló kù láyé."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olùtọ́jú ọgbà bá ọmọbìnrin náà sọ nìyẹn, nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń tọ́jú ewéko tó ti run níbòmíràn sí. Igbó tí òdòdó yìí ti wá ti di ọ̀nà ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má wá wo ewé. Ewé nìkan kọ́ ló ń wò.

Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, oyè náà ni kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé olùtọ́jú ọgbà fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, ó fárígá. "Ọmọ tèmi? Ẹni tó ń bomi rin koríko?"

"Bàbá, mo fẹ́ràn rẹ̀."

Ó rò ó díẹ̀. "Òdòdó yẹn, ṣé ó ti lórúkọ?"

"Rárá, sà."

"Kó sọ ọ́ lórúkọ mi. Màá gbà."

Olùtọ́jú ọgbà náà bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ pé orúkọ òkú nìkan là ń kọ síbí. Alààyè tí ewéko bá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu."

"Ṣé olùtọ́jú ọgbà ni ọ́ àbí wòlíì? Kọ ọ́! Má sì gbàgbé oyè."

Ó kọ ọ́ sórí páànù pẹlẹbẹ, ó rì í mọ́ ìdí òdòdó.

Nígbà tí olùtọ́jú ọgbà lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé onígíláàsì sílẹ̀ fún olólùfẹ́ rẹ̀, kó máa bomi rin òdòdó. Aṣọ ìgbéyàwó gba ọmọbìnrin náà lọ́kàn, ó gbàgbé omi fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bàbá mu omi jọ́ọ̀gì mẹ́ta, òùngbẹ kò lọ, ó dùbúlẹ̀ kò lè dìde. Etí èékánná rẹ̀ ti pọ́n bí ewé tó fẹ́ já. Ẹ̀rù ba ọmọ rẹ̀. Ó sáré dé ọgbà, ó da omi sí ìdí òdòdó tó ti rọ.

Fóònù dún. Ìyá tó bí ọmọbìnrin náà ló ń pè láti ilé. "Ọmọ mi, bàbá rẹ ti dìde! Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ lòun ti rí omi mu."

Nígbà tí olùtọ́jú ọgbà dé, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ fa páànù náà tu. Bàbá, tó ti wá sí ọgbà fúnra rẹ̀, figbe ta: "Fi sílẹ̀! Ta ni yóò tún máa dárúkọ mi?"

Inú ilé onígíláàsì ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bàbá jókòó síwájú, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé oòrùn.

Àràárọ̀ ló ń pe ọkọ ọmọ rẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Àna mi àtàtà, ṣé o ti bomi rin mi?"